Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Nílẹ̀ Mùsùlùmí: Bí A Ti Ń Wọn Àǹfààní àti Ewu Ohun Tuntun

Bismillahi Rahmani Rahim.

Ọpẹ́ àti ẹyìn ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó kọ́ ọmọnìyàn ní ohun tí kò mọ̀, tí Ó sì fi kálámù ṣe irinṣẹ́ ìmọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, oṣù Rámádánì ni oṣù tí Àlùkùránì sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà ó tọ́ kí a ronú lórí bí Tírà Ọlọ́hun ti ṣe dé ọwọ́ wa. Èyí tí ẹ ń kà nínú mọ́sálásí, ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ ẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa kò tilẹ̀ mú ti oníwèé dání mọ́. Inú fóònù ni wọ́n ti ń kà á. Inú fóònù kan náà sì ni ìròyìn èké, fátíwà tí kò ní orísun, àti ìwà ìbàjẹ́ ti ń wọlé tọ̀ wọ́n. Ní àkókò yìí, ẹ̀rọ tí a fún ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní AI, ti dé. Ẹ ó bi í ní ìbéèrè, yóò sì dá yín lóhùn bí ẹni pé ààfáà ni.

Àwọn kan nínú wa ní kí a kó gbogbo rẹ̀ dànù nítorí ewu inú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù ni ayé yóò fi sílẹ̀. Kí a tó dá ẹ̀yìn kan láre, ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ṣáájú wa náà bá irú rẹ̀ pàdé nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé.

Òṣùwọ̀n tí Ọlọ́hun fi lé wa lọ́wọ́

Nínú Súrátul Bákárà, ẹsẹ 219, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa ọtí àti tẹ́tẹ́. Ó fi yé wa pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá wà nínú méjèèjì, pé àǹfààní wà níbẹ̀ fún àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn tóbi ju àǹfààní wọn lọ. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ọlọ́hun kò sẹ́ àǹfààní tí ó wà nínú ohun tí Ó fẹ́ kọ̀ fún wa. Ó dárúkọ àǹfààní, Ó dárúkọ ewu, Ó wọn méjèèjì, lẹ́yìn náà ni ìdájọ́ jáde. Ẹni tí ó bá rí àǹfààní nìkan kò tíì wọn nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó rí ewu nìkan.

Àwọn sàhábé lo òṣùwọ̀n yìí lórí Àlùkùránì pàápàá. Nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jáde láyé, Àlùkùránì wà ní àyà àwọn tí ó há a sórí, ó sì wà lára awọ, egungun àti òkúta pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n a kò tíì kó o jọ sójú kan. Ní nǹkan bí ọdún 12 Hijira, èyí tí í ṣe ọdún 633 nínú ònkà àwọn Òyìnbó, ogun Yamamah pa púpọ̀ nínú àwọn tí ó há a sórí. Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) tọ Kálífà Abubakar lọ pé kí a kó Àlùkùránì jọ kí ó má baà sọnù. Abubakar kọ́kọ́ kọ̀, nítorí ẹ̀rù bà á láti ṣe ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò ṣe. Umar kò dákẹ́ títí tí Ọlọ́hun fi ṣí àyà Abubakar payá. Zaid ọmọ Thabit tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ tilẹ̀ sọ pé gbígbé òkè kúrò ní ipò rẹ̀ kì bá tó o ní ìwúwo lójú òun.

Ta ni yóò sọ pé ìbẹ̀rù Abubakar jẹ́ ìbẹ̀rù òpè? Ìbẹ̀rù olóye ni, nítorí ohun tí ó níye lórí jù lọ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó fi ìbẹ̀rù náà ṣe. Zaid há Àlùkùránì sórí, síbẹ̀ kò gbára lé orí ara rẹ̀. Ó ń béèrè ẹlẹ́rìí méjì lórí ohun tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá. Nígbà tí ó ṣe, ní àsìkò Kálífà Uthman, Hudhaifah ọmọ Yaman ti ojú ogun Armenia àti Azerbaijan dé pẹ̀lú ìròyìn pé àwọn Mùsùlùmí ń bá ara wọn jà lórí kíkà. Uthman ní kí wọ́n da ìwé tí ó wà lọ́dọ̀ ìyá wa Hafsah kọ, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńlá. Àwọn onímọ̀ sọ fún wa pé ó fi ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ènìyàn ní kíkà rẹ̀ tì í. Ìwé lọ, olùkọ́ sì bá a lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kù dúró sí.

Ìbẹ̀rù tí ó ní ìdí

Ní nǹkan bí ọdún 1455, Johannes Gutenberg tẹ Bíbélì jáde ní ìlú Mainz nílẹ̀ Jámánì pẹ̀lú lẹ́tà tí a fi irin dà. Láàrin ọdún díẹ̀, iṣẹ́ náà tàn ká ilẹ̀ Yúróòpù. Kì í ṣe pé ìtẹ̀wé ṣàjèjì pátápátá sí àwọn Mùsùlùmí. Ní Íjíbítì, láàrin nǹkan bí ọdún 900 sí 1400, àwọn kan ti ń fi pátákó tàbí irin tí a gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí lára tẹ tírà ìṣọ́ra lórí bébà, wọ́n sì ń tà á fún àwọn ènìyàn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà ní àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé títí di òní. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n náà wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò dé orí ìwé ẹ̀kọ́.

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sọ pé Sultan Bayezid Kejì ti ìjọba Uthmaniyyah ní Istanbul ṣe òfin ní ọdún 1485 pé pípa ni kí a pa ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ̀wé. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn òpìtàn tí ó ti wá ìwé òfin náà kiri kò rí i; ọwọ́ àwọn arìnrìn-àjò Yúróòpù tí ó kọ̀wé lẹ́yìn náà ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ dájú ni pé àwọn Júù tí wọ́n lé kúrò ní Sípéènì ṣí ilé ìtẹ̀wé ní Istanbul ní ọdún 1493, àwọn ará Armenia sì ṣí tiwọn níbẹ̀ ní ọdún 1567. Ní ọdún 1588, Sultan Murad Kẹta fún àwọn oníṣòwò láṣẹ láti máa ta ìwé Lárúbáwá tí a tẹ̀ ní Yúróòpù. Ìjọba kò sọ pé ẹ̀rọ náà jẹ́ hàrámù.

Kí ni ó wá fà á tí àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn kò fi tẹ̀wé? Ìdí pọ̀. Lẹ́tà Lárúbáwá máa ń so mọ́ ara wọn, irú kan sì máa ń yí padà ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí ọ̀rọ̀. Dídà wọ́n ní irin nira, ó sì gbówó lórí. Àwọn adàwékọ ń jẹun nídìí kálámù wọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹnu olùkọ́ ni a ti ń gba ìmọ̀ nínú ẹ̀sìn wa: akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka ìwé níwájú olùkọ́, olùkọ́ yóò tún un ṣe, yóò sì fún un ní ìjásà. Bí adàwékọ kan bá ṣe àṣìṣe, ìwé kan ni ó bà jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ṣe àṣìṣe, ẹgbẹ̀rún ìwé ni yóò bà jẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀rí ìbẹ̀rù yìí wà. Ní nǹkan bí ọdún 1537 sí 1538, Paganino Paganini àti ọmọ rẹ̀ Alessandro tẹ Àlùkùránì ní ìlú Venice nílẹ̀ Ítálì. Àṣìṣe kún inú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọn kò ya dáálì sọ́tọ̀ kúrò lára dháálì, àmì ohùn sì ṣì. Mùsùlùmí wo ni yóò ra irú Àlùkùránì bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ náà kùnà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni a mọ̀ pé ó kù, nínú yàrá ìkàwé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì kan ní Venice, níbi tí wọ́n ti tún rí i ní ọdún 1987.

Fátíwà ọdún 1727

Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn náà ni Ibrahim Müteferrika, ọmọ ilẹ̀ Hungary tí ó gba Ìsìláàmù tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún Sultan ní Istanbul. Òun àti Said Efendi ni wọ́n jọ dáwọ́ lé e. Said yìí ti bá bàbá rẹ̀, tí í ṣe aṣojú Sultan, lọ sí ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1720 sí 1721. Ibrahim kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó fi ṣàlàyé àǹfààní ìtẹ̀wé. Ó rán wọn létí ìwé àwọn Mùsùlùmí tí ó ṣègbé nígbà tí àwọn Mongol jagun wọ ilẹ̀ Mùsùlùmí, àti nígbà tí Andalus bọ́ lọ́wọ́ wa. Ó ní bí ìwé bá pọ̀, kò ní ṣeé pa run. Bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀, tálákà yóò rí i rà.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Shaykhul Islam Abdullah Efendi, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn afúnni-ní-fátíwà nígbà náà. Ní ọdún 1727, ó dáhùn pé ó tọ́, nítorí pé pẹ̀lú làálàá díẹ̀ ìwé púpọ̀ yóò jáde, owó rẹ̀ yóò sì rọjú. Ṣùgbọ́n ó fi májẹ̀mú kan tì í: kí a yan àwọn onímọ̀ tí yóò máa yẹ ìwé wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Sultan Ahmed Kẹta fọwọ́ sí i, ó yan olùyẹ̀wò mẹ́rin, ó sì yọ ìwé tàfúsíìrù, hádíìsì, fíkíhì àti ìmọ̀ àdìsọ́kàn sílẹ̀. Ìwé èdè, ìtàn, ìṣègùn àti ìmọ̀ ilẹ̀-ayé ni ó yọ̀ǹda. Nípa bẹ́ẹ̀, oúnjẹ àwọn adàwékọ tí ó ń kọ ìwé ẹ̀sìn kò bọ́ lẹ́nu wọn lójijì.

Ní oṣù kìíní ọdún 1729, ìwé àkọ́kọ́ jáde: ìwé atúmọ̀ èdè tí a ń pè ní Vankulu, èyí tí ó jẹ́ ìtumọ̀ Sihah ti al-Jawhari sí èdè Túrkì. Ní ọdún 1730, ọ̀tẹ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Istanbul. Wọ́n pa olórí àwọn mínísítà, wọ́n sì yọ Sultan lóyè. Síbẹ̀, ilé ìtẹ̀wé náà ń bá iṣẹ́ lọ. Láàrin 1729 sí 1742, ìwé oríṣi 17 ni ó tẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, mo fẹ́ kí ẹ wo ọgbọ́n inú fátíwà yìí. Shaykhul Islam kò sọ pé ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn jẹ́ asán. Ó mọ ewu náà ní orúkọ, pé àṣìṣe ni, ó sì fi ènìyàn ṣọ́ ọ. Ohun tí Zaid fi ẹlẹ́rìí méjì ṣe, òun ni ó fi olùyẹ̀wò mẹ́rin ṣe.

Ohun tí ìfalẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí sí ibi tí ó dùn. Ìyọ̀ǹda nìkan kò tó. Àwọn tí ó mọ̀wé kà kò pọ̀, ìwé náà ṣì wọ́n, a kò sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò mú òǹkàwé pọ̀ sí i. Nígbà tí Ibrahim kú, ọ̀pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ láìtà. Lẹ́yìn tí wọ́n tún Vankulu tẹ̀ ní nǹkan bí 1757, ẹ̀rọ náà dákẹ́ títí di 1784.

Kí àkókò yẹn tó dé pàápàá, àwọn ẹlòmíràn kò sùn. Wọ́n tẹ Àlùkùránì ní Hamburg nílẹ̀ Jámánì ní ọdún 1694. Ní ọdún 1698, Ludovico Marracci, àlùfáà Kátólíìkì kan, tẹ̀ ẹ́ ní Padua nílẹ̀ Ítálì pẹ̀lú ìtumọ̀ ní èdè Látìn àti ọ̀rọ̀ tí ó fi ta ko ẹ̀sìn wa. Bí onílé bá fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ láìṣọ́, àlejò ni yóò máa júwe ilé náà fún aráyé, yóò sì júwe rẹ̀ bí ó ti wù ú.

Ọdún 1820 ni Muhammad Ali dá ilé ìtẹ̀wé Bulaq sílẹ̀ ní Kairo. Ibẹ̀ ni a ti rí ìwọ̀n tí ó pé. Wọ́n gba àwọn onímọ̀ láti al-Azhar síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùyẹ̀wò. Ìwé àwọn àgbà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sì tún jáde fún gbogbo ayé Mùsùlùmí. Nígbà tí wọ́n rí àṣìṣe nínú Àlùkùránì tí a kó láti òkèèrè wá fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Íjíbítì, ìgbìmọ̀ onímọ̀ jókòó, wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n sì gbé Àlùkùránì Kairo jáde ní ọdún 1924, ní àsìkò Ọba Fuad. Ní ọdún 1984, ilé ìtẹ̀wé Àlùkùránì ti Ọba Fahd ṣí ní Mẹ̀dínà, níbi tí ìgbìmọ̀ onímọ̀ ti ń yẹ Àlùkùránì wò kí ó tó jáde. Ẹ̀rọ tí a bẹ̀rù pé yóò ba Àlùkùránì jẹ́ ni ó wá di ohun tí ó mú un dé yàrá tálákà. Ẹ̀rọ náà kò yí padà. Àwọn tí ó dúró tì í ni ó yí padà.

Ẹ̀kọ́ kan náà nílẹ̀ Yorùbá

Ìtàn yìí kan ilé wa. Ìsìláàmù ti wà nílẹ̀ Yorùbá ṣáájú àwọn míṣọ́nnárì, àwọn ààfáà wa sì ń kọ̀wé ní Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n Henry Townsend, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, ni ó gbé ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, Ìwé Ìròyìn, jáde ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859. Ní ọdún 1906, ìtumọ̀ Àlùkùránì ní èdè Yorùbá jáde ní Èkó. Ta ni ó ṣe é? M. S. Cole, òjíṣẹ́ ìjọ Kírísítẹ́nì ni. Ọdún 67 kọjá kí ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí wa ṣe, èyí tí a tẹ̀ ní Beirut, tó jáde ní ọdún 1973. Mi ò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni ó lò ó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nípa ilé-ìwé. Àwọn bàbá wa bẹ̀rù pé bí ọmọ bá lọ sí ilé-ìwé, yóò yí ẹ̀sìn padà. Òótọ́ ni ìbẹ̀rù wọn. Orúkọ àwọn ọmọ Mùsùlùmí tí ó yí padà di Samuel tàbí David kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú ìwòsàn wá ni ìgbà tí a lọ́wọ́ sí i fúnra wa: ilé-ìwé ìjọba fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ṣí ní Èkó ní ọdún 1896, àwọn ọ̀dọ́ sì dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1923 láti kọ́ ilé-ìwé tí ọmọ yóò ti mọ ìwé tí kò sì ní sọ kéú nù. Wọ́n gba àǹfààní, wọ́n sì ṣọ́ ewu.

Èyí tí ó wà níwájú wa

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbé fóònù àti AI sórí òṣùwọ̀n kan náà. Àǹfààní rẹ̀: afọ́jú lè gbọ́ ìwé tí kò lè kà, ẹni tí ó wà lóko lè gbọ́ tàfúsíìrù láti Ìlọrin, akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ìwé tí bàbá rẹ̀ ì bá rìnrìn-àjò ọdún kan kí ó tó rí. Ẹni tí ó bá sẹ́ èyí kò ṣe òdodo.

Ewu rẹ̀: AI kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́ bí ààfáà ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ó jọ pé ó yẹ kí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ni ó ń tò jọ. Nítorí náà, ó lè gbé hádíìsì tí kò sí níbì kankan kalẹ̀, kí ó sì sọ pé Bukhari ni ó gbà á wá, láìwárìrì. Ó lè sín ohùn ènìyàn jẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó gbọ́ ohùn imáàmù yín tí ń tọrọ owó, tí kì í sì í ṣe òun. Ó sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé àti ògbufọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtẹ̀wé ti halẹ̀ mọ́ àwọn adàwékọ. Nínú Súrátul Hujurat, ẹsẹ 6, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé bí olùpurọ́ bá mú ìròyìn wá, kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a má baà ṣe ìjàǹbá fún àwọn kan nínú àìmọ̀, kí a sì wá kábàámọ̀. Bí a bá gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ ènìyàn wò, mélòómélòó ni ti ẹ̀rọ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́hun?

Kí ni kí a ṣe? Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí a bá ní kí ọmọ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, yóò lò ó lẹ́yìn wa, láìsí olùyẹ̀wò. Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo gbé ka iwájú yín.

Àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìdáhùn AI ṣe ìdájọ́ lórí ìkọ̀sílẹ̀, ogún, ààwẹ̀ tàbí ìrun, àyàfi bí ó bá gbé e dé iwájú ààfáà tí yóò ṣí ìwé wò.

Èkejì, kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan yan olùyẹ̀wò: ààfáà kan tí ó mọ ìwé àti ọ̀dọ́ kan tí ó mọ ẹ̀rọ, kí wọ́n jọ máa yẹ ìròyìn, pàápàá ti oṣù rírí àti ti sàráà, wò kí a tó fọ́n ọn ká.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ kéú, kí wọ́n sì kọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tí kò gba ẹ̀sìn wa gbọ́ ni yóò tún máa túmọ̀ rẹ̀ fún aráyé.

Ẹ̀kẹrin, kí a rántí àwọn tí ohun tuntun yóò gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Kí ẹgbẹ́ máa fi lára sàráà rẹ̀ kọ́ wọn ní iṣẹ́ mìíràn, kí ohun tí ó jẹ́ ìrọ̀rùn fún púpọ̀ má di ebi fún ẹnì kan.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Àlùkùránì tí ẹ gbé lọ́wọ́ ní Rámádánì yìí ti la ìbẹ̀rù Abubakar kọjá, ó ti la àṣìṣe Venice kọjá, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa láìyẹ̀. Ọlọ́hun ni ó ń ṣọ́ ọ, ọwọ́ àwọn ènìyàn tí kò sùn ni Ó sì fi ń ṣọ́ ọ. Ìran kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìṣọ́ tirẹ̀. Èyí tí ó wà níta nísinsìnyí, tiwa ni.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi òdodo hàn wá ní òdodo, kí Ó fi títẹ̀lé e jíǹkí wa. Kí Ó fi irọ́ hàn wá ní irọ́, kí Ó sì fún wa ní agbára láti jìnnà sí i. Kí Ó gba ààwẹ̀ wa, kí Ó fi orí ji àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ wa, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí ìmọ̀ àwọn ọmọ wa. Àmín, yà Rábbí.